Ọ̀rẹ́ Ni Ẹlẹ́rìí: Nígbà Tí Àárẹ̀, Òòyì àti Inú Rírun Bá Ń Bá Ẹni Tí A Fẹ́ràn Fínra

Ọ̀rọ̀ àsọyé orí rédíò yìí, fún àwọn olùgbọ́ ní Àgọ́ṣáṣá àti agbègbè ẹnubodè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, dá lórí ọ̀rẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá, tí ó ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ní pàtó ohun tí ó ń ṣe é.

Ohun mẹ́ta ni irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ráhùn lé lórí. Èkíní ni àárẹ̀, èyí tí ó yàtọ̀ sí rírẹ̀ iṣẹ́ nítorí pé oorun alẹ́ kan kò lè mú un kúrò. Èkejì ni òòyì, ìyẹn ni pé kí ilẹ̀ máa yí lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí kí ojú ṣú nígbà tí ènìyàn bá dìde lójijì láti orí àpótí. Ẹ̀kẹta ni ìdààmú inú, orúkọ tí ó kó inú rírun, inú wíwú, èébì, àìlèjẹun àti ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá dá wá fún ọjọ́ kan, kò sí ẹni tí kì í ṣe. Ṣùgbọ́n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ dé, tí wọ́n sì jókòó ti ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a ṣì máa sọ pé iṣẹ́ àṣejù ni? Igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Kókó tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ fi lélẹ̀ kò pọ̀, yóò sì máa padà wá nítorí àwọn tí yóò bá a lọ́nà. Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ kì í ṣe láti fún àìsàn ní orúkọ. Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ kì í ṣe láti ra oògùn. Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ni láti bá aláìsàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ bí a ti ń yẹ ara wò, kí ó sì jẹ́rìí níbẹ̀ sí ohun tí ó ti rí nílé, lóko àti lọ́jà. Ọ̀rẹ́ ni ẹlẹ́rìí.

Ohun tí a sábà máa ń rí yàtọ̀ sí èyí. Kí aláìsàn tó sọ gbólóhùn méjì tán, ẹni mẹ́ta ti fún àìsàn rẹ̀ ní orúkọ. Ọ̀kan ní ibà ni. Èkejì ní taífọ́ọ̀dù ni, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán ni. Ẹ̀kẹta rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ wádìí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, nítorí kì í ṣe ojú lásán. Ìfẹ́ ni ó ń bẹ nínú gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìfẹ́. Síbẹ̀, orúkọ tí a fún àìsàn kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò ni ó ń darí ẹsẹ̀ aláìsàn lọ sí ìsọ̀ kẹ́mísìtì, níbi tí wọ́n ti ń po oògùn pupa mọ́ funfun mọ́ aláwọ̀ ewé sínú ọ̀rá kan, tí wọn kì í sì í kọ orúkọ ọ̀kankan sí i, títí tí yóò fi jẹ́ pé nígbà tí aláìsàn bá dé iwájú dókítà, owó ti tán, àkókò ti lọ, oògùn sì ti bo àmì tí ó yẹ kí dókítà rí.

Ọ̀rọ̀ taífọ́ọ̀dù yẹ fún àlàyé díẹ̀, nítorí pé òun ni orúkọ tí ó yá ẹnu jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kéékèèké ń ṣe fún un ni èyí tí a ń pè ní Widal, tí a fi sọrí Fernand Widal, dókítà ará Faransé tí ó gbé e jáde ní ọdún 1896. Àyẹ̀wò náà kì í wá kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni èròjà ajàfára tí ẹ̀jẹ̀ pèsè láti fi bá kòkòrò náà jà, èròjà yìí sì lè wà lára ẹni tí àrùn náà ti ṣe rí tí ó sì ti lọ. Nítorí náà ni ó fi ṣeé ṣe kí àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pe ohun mìíràn ní taífọ́ọ̀dù, kí aláìsàn sì máa gbé orúkọ náà kiri láti ọdún dé ọdún, kí ó máa ra oògùn rẹ̀, kí ara rẹ̀ má sì yá. Èyí tí ó dájú jù ú lọ ni àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láti wò bóyá kòkòrò taífọ́ọ̀dù yóò hù níbẹ̀.

Ibà wà lóòótọ́, àyẹ̀wò rẹ̀ sì yá, nítorí pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ti tó. Àtọ̀gbẹ wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, oògùn rẹ̀ náà sì lè mú òòyì wá. Oyún tí obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun ní wà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ wà, kòkòrò HIV wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè mú àárẹ̀, òòyì tàbí ìdààmú inú wá. Ta wá ni ọ̀rẹ́ tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, tí yóò sì mọ èyí tí ó jẹ́? Kò sí. Kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí ni a ń béèrè.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa bí ẹ̀rí ilé ti lágbára tó, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ìlú etí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní àwọn ọdún 1960. Àìsàn kan wà níbẹ̀ tí ń mú kí ẹsẹ̀ máa jó ènìyàn bí iná tàbí kí ó kú tipiri, tí ń mú kí aláìsàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá ń rìn, tí ojú àti etí rẹ̀ náà sì ń dín agbára kù díẹ̀díẹ̀. Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, dókítà ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n tẹpẹlẹ mọ́ ìwádìí náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi mọ sórí ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ nìkan. Wọ́n béèrè ohun tí aláìsàn ń jẹ. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé gbáàgúdá ni oúnjẹ náà, láàárọ̀ àti lálẹ́, lónìí àti lọ́la, tí oúnjẹ afáralókun bí ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà kò sì tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà wò, wọ́n rí i pé ohun tí ara máa ń sọ sáyánáìdì dà, ìyẹn májèlé inú gbáàgúdá, pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 1968 ni Ọ̀ṣúntókun tẹ ìwádìí pàtàkì kan jáde lórí rẹ̀. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí mìíràn fi hàn pé àìsàn náà ṣì wà ní Òsósà, ìlú Hubert Ògúndé, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé e ti béèrè bóyá májèlé náà nìkan ni ó fa àìsàn Ẹ̀pẹ́ tàbí ohun mìíràn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, iyàn náà kò sì tíì parí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn náà tí kò ní iyàn nínú: bí kò bá sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó wà nínú àwo, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ ọ́, ìdí gbáàgúdá ni ọ̀rọ̀ náà ì bá wà láìsí ẹni tí yóò yọjú wò ó. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò lè mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Ní Àgọ́ṣáṣá àti agbègbè rẹ̀ ńkọ́? Gbáàgúdá ni oko, òun ni oúnjẹ, òun sì ni owó. Gàrí tí a bá ṣe bí ó ti yẹ kì í pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì dára kí èyí yé gbogbo olùgbọ́ yékéyéké kí ẹnikẹ́ni má baà sá fún oúnjẹ rẹ̀. Rírin tí a ń rin gbáàgúdá ni ó ń tú májèlé náà sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Bí ó ti ń kan nínú àpò, bí a ti ń fi jáàkì fún omi rẹ̀, tí a sì ń yan án lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni májèlé náà ń bá afẹ́fẹ́ àti omi lọ. Ìkánjú ni ó ń dá ewu sílẹ̀. Gbáàgúdá tí a rin láàárọ̀, tí a sì yan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà nítorí pé oníbàárà ń dúró, kò tíì ní àkókò láti kan. Bí ó bá wá jẹ́ irú èyí tí ó korò, ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè tó láti da ènìyàn láàmú. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ yó lè ní orí fífọ́, òòyì, inú rírun, èébì àti àárẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Àyẹ̀wò ibà kò lè sọ èyí. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń mu gàrí lọ́sàn-án ni ó lè sọ ọ́, pàápàá bí òun náà bá rántí pé inú run òun lọ́jọ́ náà.

Èéfín ìdí ààrò náà ńkọ́? Nígbà tí a bá ń yan gàrí nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé, tàbí tí a bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, afẹ́fẹ́ olóró kan tí a ń pè ní carbon monoxide máa ń kóra jọ síbẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó máa ń gba ààyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fa orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀, bí ó bá sì pọ̀, ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Ìbéèrè méjì ni ọ̀rẹ́ lè fi tú u fó, kò sì ná an ní kọ́bọ̀: ǹjẹ́ ara aláìsàn máa ń fúyẹ́ bí ó bá kúrò nílé fún ọjọ́ kan tàbí méjì? Ǹjẹ́ àwọn mìíràn nínú ilé náà ń ráhùn bákan náà? Bákan náà ni ti oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí oko. Ẹni tí ó fín in láìbo imú, tí ó sì fi ọwọ́ kan náà jẹun, lè máa làágùn, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, kí inú máa lọ́ ọ, kí òòyì sì máa kọ́ ọ. Ìgò oògùn náà ni kí wọ́n mú dání lọ sí ilé ìwòsàn.

Fún olùgbọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò rẹ̀: ọ̀rẹ́ tí àárẹ̀, òòyì àti inú rírun kò jẹ́ kí ó gbádùn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, ohun tí a sì ń sọ ni pé kí ọ̀rẹ́ má fún àìsàn lórúkọ, kí ó má ra oògùn fún un, kí ó bá a dé ilé ìwòsàn, kí ó sì jẹ́rìí. Ohun tí ó ń jẹ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Oògùn tí ó ti ń lò ni ẹ̀rí kejì, èyí sì ni ó nira jù láti gbà lẹ́nu aláìsàn.

Kì í ṣe pé aláìsàn ń purọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka oògùn ara ríro sí oògùn mọ́, nítorí pé wọ́n ti ń lò ó bí ẹni ń jẹun. Ẹni tí ó ń ru ẹrù, tí ó ń kọ ebè, tí ó ń jókòó ti iná láti òwúrọ̀ di alẹ́, ara ń ro ó lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ náà ni ó sì ń wá ohun tí yóò fi lé ìrora náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti wà láàárín wa. Ní ọdún 1918 ni Jacob Ṣógbóyèga Odùláté, ọmọ Ìkòròdú tí ó fi Abẹ́òkúta ṣe ilé, dá ilé iṣẹ́ Alábùkún sílẹ̀, ìyẹ̀fun oògùn rẹ̀ sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, ó kọjá ẹnubodè, ó sì di ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn títí dòní. Asipirín àti kaféènì, èròjà tí ó wà nínú obì, ni ó wà nínú rẹ̀. Oògùn rere ni asipirín fún ẹni tí ó bá lò ó ní ìwọ̀n àti ní àkókò. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ bí ibuprofen àti diclofenac ní ohun kan tí kò yẹ kí a fi pamọ́ fún olùgbọ́: wọ́n máa ń dín èròjà tí ń dáàbò bo ara ikùn kù, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń lò wọ́n lójoojúmọ́, pàápàá pẹ̀lú ọtí líle tàbí àgbo tí a fi ògógóró rẹ, lè ní ọgbẹ́ nínú ikùn láìmọ̀.

Ọgbẹ́ náà lè máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í jáde ní pupa. Ó máa ń dúdú bí ó bá ti gba inú ìfun kọjá, ìgbẹ́ aláìsàn a sì dúdú, a máa lẹ̀, a sì máa rùn lọ́nà tí ó yàtọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lọ báyìí, àìtó ẹ̀jẹ̀ yóò dé. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ tí ara fi ń ṣiṣẹ́ lọ sí ọpọlọ àti sí ẹran ara, nítorí náà nígbà tí kò bá tó, òòyì ni yóò sọ ti ọpọlọ, àárẹ̀ ni yóò sì sọ ti ẹran ara. Ṣé olùgbọ́ rí i báyìí bí inú rírun, òòyì àti àárẹ̀, tí àwọn ènìyàn rò pé ohun mẹ́ta ni, ṣe lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àìjẹun lásìkò ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Ebi lè mú kí ó máa dun ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn ohun méjì tí ó ń fà á jù ni irú oògùn tí a dárúkọ yìí àti kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Helicobacter pylori. Ọdún 1982 ni Barry Marshall àti Robin Warren, dókítà méjì ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, rí kòkòrò náà nínú ikùn àwọn aláìsàn. Nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall fúnra rẹ̀ mu kòkòrò náà ní ọdún 1984, ara ikùn rẹ̀ sì wú, ó ń bì. Ní ọdún 2005 ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní Ẹ̀bùn Nobel. Àǹfààní rẹ̀ fún ará Àgọ́ṣáṣá ni pé àyẹ̀wò kòkòrò náà wà, oògùn tí ń pa á sì wà, tí ènìyàn yóò lò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì dípò kí ó máa ra oògùn inú rírun ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Kí ni kí ọ̀rẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ oògùn, nígbà náà? Kí ó má bá aláìsàn wíjọ́. Kí ó mú ọ̀rá kan, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ kó gbogbo páálí, ìgò àti bébà oògùn tí ó wà nílé sínú rẹ̀, títí kan èyí tí ó ti tán, títí kan àgbo, kí wọ́n sì gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì. Ní agbègbè ẹnubodè yìí, ọ̀pọ̀ páálí oògùn tí a fi èdè Faransé kọ ni ó wá láti Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu ní òdìkejì ẹnubodè. Ẹni tí kò lè kà á kò lè fi ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n páálí náà yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní ara aláìsàn tí ojú ọ̀rẹ́ lè rí. Bí wọ́n bá rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ yẹ kí ó pupa. Bí ó bá funfun, tí àtẹ́lẹwọ́ náà sì rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ má tó. Ǹjẹ́ obìnrin náà ń rí nǹkan oṣù tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ǹjẹ́ ó ti ń jẹ amọ̀? Ǹjẹ́ ó máa ń lọ sóko láìwọ bàtà? Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ní ìdí, nítorí pé aràn kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú ilẹ̀ tí ènìyàn ti yàgbẹ́ sí, tí ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ara, tí ó sì ń lọ so mọ́ ìfun láti máa mu ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Ohun tí ó wọ́n ni ọdún tí ènìyàn fi ń gbé e kiri láìmọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sábà sọ lórí rédíò, bẹ́ẹ̀ òun ni ó wúwo jù. Ọ̀pọ̀ aláìsàn mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ sí ilé ìwòsàn, wọn kì í ṣe òpè. Ohun tí ó dá wọn dúró ni pé ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn jẹ́ ọjọ́ kan láìsí owó. Ta ni yóò yan gbáàgúdá tí ó ti kan? Ta ni yóò jókòó ti ìsọ̀? Ta ni yóò mú àwọn ọmọ láti ilé ìwé? Ọ̀rẹ́ tí ó bá sọ pé, “Ọ̀rẹ́ mi, lọ́la ni à ń lọ, mo ti bá àbúrò mi sọ ọ́, òun ni yóò yan gàrí rẹ,” ti ṣe ohun tí ẹgbàárùn-ún ìmọ̀ràn kò lè ṣe. Bí aláìsàn bá jẹ́ àgbà, kí ó fi ọ̀wọ̀ gbé e kalẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sìn yín lọ.” Àwọn ènìyàn tí wọ́n sọ pé “jẹ́ kí a mọ̀ bí o bá nílò nǹkan” pọ̀, ẹni tí ó mọ nǹkan náà fúnra rẹ̀ tí ó sì ṣe é ni aláìsàn ń wá.

Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí ní ẹ̀rí tirẹ̀ lórí bíbá aláìsàn lọ gba ìtọ́jú. Ní Aró, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá. Kò tì wọ́n mọ́lé. Ó fi wọ́n sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó sì béèrè pé kí ẹbí kan ó kéré tán bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ètò náà di èyí tí ayé ń tọ́ka sí. Alábàárìn aláìsàn wà nínú ìtọ́jú náà gan-an, kì í ṣe àlejò tí ó wá kí i.

Nígbà tí wọ́n bá dé ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé, kí aláìsàn kọ́kọ́ sọ ti ẹnu rẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni kí ó fi tirẹ̀ kún un: ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ń jẹ, ohun tí ó ń lò, bí ó ti rù sí, ọjọ́ tí ó ṣubú lọ́jà. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ oyún tàbí ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́, kí ọ̀rẹ́ dìde jáde láìdúró kí wọ́n lé e, kí ó má sì béèrè lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n sọ. Ẹlẹ́rìí tí kò lè pa àṣírí mọ́, aláìsàn kò ní mú un dání lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà kejì sì ṣe pàtàkì, nítorí pé ìdáhùn kì í sábà wá ní ọjọ́ kan. Wọ́n lè ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlaròó, tàbí kí wọ́n tẹ̀ síwájú dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Abà, Abẹ́òkúta.

Bí gbogbo àyẹ̀wò bá wá sọ pé kò sí nǹkan kan ńkọ́? Èyí kò túmọ̀ sí pé aláìsàn ń díbọ́n. Ìrònú gbèsè, ọ̀fọ̀ tí kò tán lọ́kàn, ìbẹ̀rù ohun tí ó ń bẹ níwájú, gbogbo wọn lè mú kí ara rẹ ènìyàn, kí inú rẹ̀ dàrú, kí òòyì sì máa kọ́ ọ, ìrora náà sì jẹ́ òótọ́. Kí ọ̀rẹ́ má pa á tì níbẹ̀. Kí ó bá a padà lọ, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹni tí ń tọ́jú ọkàn lè bá a sọ̀rọ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Àwọn àmì kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ owó oṣù: ìgbẹ́ dúdú tí ń lẹ̀ (bí kì í bá ṣe pé aláìsàn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin, tí òun náà ń mú ìgbẹ́ dúdú), èébì tí ó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, dídákú, àyà dídùn tàbí èémí kúkúrú, ojú tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn, inú rírun tí ó le gan-an, àti òòyì tàbí inú rírun lára aláboyún. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọjú ní òru, òru náà ni kí wọ́n gbé e lọ. Kí ọ̀rẹ́ ti gba nọ́ńbà awakọ̀ kan sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó sì jẹ́ mọ́tò tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, nítorí pé ẹni tí òòyì ń kọ́ lè já bọ́ lẹ́yìn ọ̀kadà. Kí ó jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀, pẹ̀lú ọ̀rá oògùn náà lọ́wọ́.